Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ẹ̀rọ inú òkun?

OmoTanke: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Geography ni mò ń kà n'Ílọrin níbí, project mi dá lórí òjò Kwara àti bí ooru omi òkun Gulf of Guinea ṣe kàn án, torí inú òkun yẹn náà ni atẹ́gùn tó ń gbé òjò bọ̀ wá bá wa ti ń gbé e. Mo fẹ́ lo data àwọn Argo float, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń bá omi òkun lọ, tó ń wọn ooru àti iyọ̀ omi. Mo rí map kan tó ní àmì tó fẹ́ẹ̀ tó 4,000 káàkiri ayé, àmọ́ báwo ni màá ṣe mọ èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ àtèyí tó ti kú? Ṣé nǹkan kan wà tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Baba_Offa: Àbúrò, OceanOPS ni kó o lọ. Brest ní ilẹ̀ Faransé ni ọ́fíìsì wọn wà, JCOMMOPS ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn kọ́ ló ni ẹ̀rọ o, oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló ni wọ́n, tiwọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ gbogbo ẹ̀: Argo, drifter (ẹ̀rọ tó ń léfòó lọ lójú omi), buoy (ẹ̀rọ tó ń léfòó) tí wọ́n so mọ́lẹ̀, títí dórí ọkọ̀ ojú omi tó ń wọn ojú ọjọ́. Tó o bá tẹ àmì kan lórí map, wàá rí nọ́ńbà ẹ̀, ẹni tó ni ín, ìgbà tí wọ́n jù ú sómi àtìgbà tó ránṣẹ́ kẹ́yìn. Ìgbà tó ránṣẹ́ kẹ́yìn yẹn ni kó o mú ní pàtàkì. Float máa ń lọ dúró ní nǹkan bíi 1,000 mítà nísàlẹ̀, omi á máa gbé e lọ, tó bá di bí ọjọ́ 10 á tún wọlẹ̀ dé 2,000 mítà kó tó máa gòkè bọ̀, bó ṣe ń gòkè ló ń wọn ooru àti iyọ̀, tó bá yọrí síta á fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí satellite, á sì tún rì padà. Torí náà tó o bá fi ọjọ́ 6 wá a tó ò gbúròó ẹ̀, abẹ́ omi ló wà, kò tíì kú. Tó bá di oṣù mélòó kan lọ̀rọ̀ yí padà, bátìrì lè ti tán, ó sì lè ti gúnlẹ̀ sétí òkun.

Iya_Data: Òótọ́ lẹ sọ sà, àmọ́ kó má lọ rò pé gbogbo èyí tó ń ránṣẹ́ ló dáa. Ibi tí mo ti ń bá àwọn ọmọ project jà nìyí. Float lè máa ránṣẹ́ déédéé kí ohun tó fi ń wọn iyọ̀ ti yẹ̀, bí ọlọ́jà tí ìsàlẹ̀ mudù ẹ̀ ti wọnú, á wọ̀n ọ́n lójú ẹ, síbẹ̀ kò pé. Wo ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bíi 1,800 mítà, omi ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, tó o bá wá rí i pé iyọ̀ ń lé sí i ní gbogbo ìgbà tó bá gòkè, ẹ̀rọ ló bàjẹ́, òkun ò ṣe nǹkan kan. Argo ní greylist tí wọ́n ń kọ irú wọn sí. Nínú fáìlì, wọ́n máa ń fi flag, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe dáa sí, sára ohun tí wọ́n wọ̀n: flag 1 ló dáa, 4 ti bàjẹ́. Lẹ́tà tún wà tó ń sọ irú data tó jẹ́: R ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kọ̀ǹpútà nìkan ló yẹ̀ ẹ́ wò, D ni èyí tí èèyàn ti jókòó tì tó sì tún un ṣe. Fún project, D ni kó o lò.

OmoTanke: Ẹ ṣé gan-an mà, Ọlọ́run á san án fún yín. Tí mi ò bá wá rí float púpọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa ńkọ́?

Iya_Data: Ohun tí wọ́n ń lé ni float 1 nínú gbogbo onígun mẹ́rin 3° sí 3° lórí map òkun, OceanOPS náà ní map tó ń fi ibi tó ṣófo hàn. Má fi ibi tó ṣófo ṣe ibi tí nǹkan ò ti yí padà o. Fi PIRATA kún un, buoy tí Brazil, Faransé àti Amẹ́ríkà ti ń so sínú Atlantic láti 1997, ọ̀kan wà ní 0°, 0° gan-an. Yẹ ọjọ́ tó dákẹ́ wò níbẹ̀ náà, torí àwọn apẹja máa ń so ọkọ̀ mọ́ buoy, wọ́n á sì bà á jẹ́. Ooru omi ni kó o kọ́kọ́ mú, iyọ̀ lè dúró.