Mòòkùn ni, kì í ṣe lúwẹ̀ẹ́: èsì mi lórí ọkọ̀ ogun tó di ibùba ẹja

Ẹ okun o, ẹ̀yin ará, ẹ ṣé gan-an fún gbogbo èsì yín. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa dá sí i, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mò ń fi Yorùbá sọ fídíò kan fáwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Kàbà níbí, fídíò nípa àwọn tó ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn lọ wo ọkọ̀ ogun tó wà nísàlẹ̀ òkun tẹ́ja ti sọ dilé. Mo wá bi yín, kí la máa pe iṣẹ́ táwọn èèyàn yẹn ń ṣe, kí la máa pe ọkọ̀ yẹn, kí la sì máa pe ohun tí ọkọ̀ náà dà?

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìsánlú ní ká pe iṣẹ́ yẹn ní "ìlúwẹ̀ẹ́ abẹ́ omi". Ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, ojú omi ló wà, ẹ̀ ń rí orí ẹ̀. Tó bá ti wọ abẹ́ lọ, ó mòòkùn nìyẹn. Lọ́dọ̀ àwọn ìyá mi ní Ọ̀wọ̀rọ̀, tí àwọ̀n bá há mọ́ kùkùté nísàlẹ̀ Odò Ọya, àbúrò ìyá mi á fa èémí sínú, á mòòkùn, àwa ọmọdé á jókòó sínú ọkọ̀ a ó máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, omi á kàn máa hó díẹ̀díẹ̀ níbi tó wọlẹ̀ sí, ká tó ka ogójì àyà wa á ti máa já, àfìgbà tórí ẹ̀ bá yọ lápá ibòmíì tá ò fojú sí. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ń lúwẹ̀ẹ́. A lọ́rọ̀ yẹn tipẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn wọn yẹn nìkan ló jẹ́ tuntun.

Ẹni tó wá dá "mímòòkùn ọ́síjìn" lábàá, jọ̀ọ́, jẹ́ ká yẹra fún ìyẹn torí àwọn ọmọ yìí. Afẹ́fẹ́ tá à ń mí lójoojúmọ́ yìí náà ni wọ́n sábà máa ń fún mọ́ inú sílíńdà. Ọ́síjìn nìkan, téèyàn bá ń fà á símú kọjá nǹkan bíi mítà 6 sísàlẹ̀, gìrì lè gbé e nínú omi níbẹ̀. Tèmi ni "apọ̀nèémí", ó pọ̀n èémí sẹ́yìn bí ìyá ṣe ń pọ̀n ọmọ, ká wá máa sọ pé mímòòkùn apọ̀nèémí. Àwọn kan ti ń gé e kúrú sí "apọ̀nmí", ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kà á láìsí àmì lórí á rò pé ẹni tó ń pọnmi létí odò là ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn gan-an ló gba oorun lójú mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ "òkú ọkọ̀", mọ́mì wa láti Mọ̀pà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wá bi mí pé ta ló ń pe ohun tí ìyè kún inú ẹ̀ lókùú. Mo ti rò ó, mọ́mì jàre, mo ti mú un kúrò. Ọ̀pọ̀ yín fara mọ́ "ọkọ̀ tó rì". Ó dáa, àmọ́ ọkọ̀ méjì ló wà nínú fídíò yẹn. Thistlegorm jẹ́ ọkọ̀ ẹrù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bàálù Jámánì ló ju bọ́ǹbù lù ú lóru ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá 1941 nínú Òkun Pupa lápá Íjíbítì, ọta tó kó sínú bú gbàmù, èèyàn 9 kú. Ó wà ní nǹkan bíi mítà 30 sísàlẹ̀, alùpùpù BSA tó ń kó lọ fáwọn sójà ṣì tò sínú ẹ̀ títí dòní, ẹja ń gba àárín táyà wọn kọjá. Ìyẹn rì lóòótọ́, bíi Dayspring, ọkọ̀ Baikie, òyìnbó tó ń rìnrìn àjò lórí Odò Ọya, tó forí sọ àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà lọ́dún 1857, kí Baikie tó wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́jà. Oriskany kò rì bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ agbébàálù Amẹ́ríkà ni, ó gùn ju mítà 270 lọ, ó ja ogun Kòríà ó ja ti Vietnam, ìgbà tó darúgbó wọ́n kó epo àti ọ̀pọ̀ nǹkan olóró kúrò nínú ẹ̀, wọ́n wọ́ ọ lọ sójú òkun lápá Pensacola ní Florida, ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 2006 wọ́n fi bọ́ǹbù dá ìsàlẹ̀ ẹ̀ lu. Ìṣẹ́jú 37 ló fi wọlẹ̀ tán, ó sì dúró gbọnrangandan sórí iyanrìn ní nǹkan bíi mítà 65.

Àwọn èèyàn ló rì í, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹnì kan ní ká pè é ní "ọkọ̀ àrìbọmi". Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, àmọ́ ẹni tá a bá rì bọmi, a ó gbé e dìde padà ni, Oriskany ò ní dìde mọ́. "Ọkọ̀ àmọ̀ọ́mọ̀rì" ni mo fara mọ́, kí Thistlegorm máa jẹ́ ọkọ̀ tó rì, káwọn ọmọ lè mọ̀ pé èèyàn kú síbì kan, ibì kejì sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ohun tó dà ńkọ́? Mi ò fẹ́ "àpáta àtọwọ́dá", irin ni, kì í ṣe àpáta. Iyanrìn lásán ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ọmọ iyùn, ẹ̀dá òkun tín-ń-tín tó ń léfòó kiri, ò rí ohun líle lẹ̀ mọ́, ìgbà tí irin dé ló rí, ẹja wẹ́wẹ́ wá sá pamọ́ síbẹ̀, ńlá tẹ̀ lé wọn. Àwọn apẹja Ganvié ní Benin ti ń ri ẹ̀ka igi mọ́ inú adágún Nokoué tipẹ́ kẹ́ja lè kóra jọ síbẹ̀, acadja ni wọ́n ń pè é. Ohun tó bá a mu lédè wa ni ibùba: ibùba ẹja àtọwọ́dá.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Lápá ọ̀dọ̀ wa yìí, téèyàn bá gbọ́ ibùba lórí rédíò báyìí, ti àwọn ajínigbé ni. Ó ń dùn mí. Ibùba ẹran làwọn ọdẹ wa ń sọ kó tó di ti àwọn yẹn, mo sì fẹ́ káwọn ọmọ yìí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kó jẹ́ pé ẹja ni wọ́n máa rí níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì la máa gba ohùn sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun tó dáa ju "àmọ̀ọ́mọ̀rì" lọ, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ kó tó dìgbà yẹn, tèmi lórí mòòkùn ò yí mọ́.