Pípààrọ̀ móòdù ló ń jẹ àárọ̀ wa

Ẹ̀gbọ́n oníbúrẹ́dì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yín lórí àkókò tó ń ṣòfò bí ẹ bá ń kúrò lórí irú búrẹ́dì kan bọ́ sí òmíràn ló mú èmi náà dá sí i.

Búlọ́ọ̀kù ni à ń mọ, lọ́nà Ìlọrin, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ní. Òun ló ń yọ oní-ínṣì mẹ́sàn-án, òun náà ló ń yọ oní-ínṣì mẹ́fà. Bí a bá fẹ́ kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sí èkejì, àfi ká pa ẹ́ńjìnnì, ká tú móòdù, ìyẹn àpótí irin tí búlọ́ọ̀kù ń gba ìrísí rẹ̀, ká de òmíràn.

Lẹ́ẹ̀rùn èṣí, màmá kan láti àdúgbò Under G fẹ́ oní-ínṣì mẹ́fà ní wàràǹṣeṣà. Àwọn ọmọ ti po yanrìn mọ́ àpò sìmẹ́ńtì méjì, wọ́n ti da omi sí i, kí a tó rí i pé bóòtù kan sọnù. Sípánà wà lọ́wọ́ fọkanáísà òdìkejì títì. Ìgbà tí a ó fi de móòdù tán, sìmẹ́ńtì ti ń dì. Mo bù ú, ó ń ya lọ́wọ́ mi bíi gàrí tí omi ò kárí. Wọ́n bu omi kún un, mi ò sì dá wọn dúró. Ó dùn mí títí dòní. Lọ́jọ́ kẹta, bí a ṣe ń gbé búlọ́ọ̀kù ni igun rẹ̀ ń dà sílẹ̀. A mọ òmíràn fún màmá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó tì wọ́n, mo ń wo aago. Ìṣẹ́jú 70 ni pípààrọ̀ gbà, ọwọ́ ò sì kan móòdù tó ìṣẹ́jú 25 nínú rẹ̀. Ìyókù, ohun èlò là ń wá.

Àbúrò mi tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì LAUTECH ló sọ ti Shigeo Shingo, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan, fún mi. Shingo ya iṣẹ́ tó di dandan kí ẹ̀rọ dúró fún sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a lè ṣe parí nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní Toyota, lọ́dún 1969, wákàtí mẹ́rin ni pípààrọ̀ móòdù ẹ̀rọ ìtẹrin oní-1,000 tọ́ọ̀nù ń gbà. Wọ́n fà á wá sí ìṣẹ́jú 90, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 3!

Ní báyìí, ìrọ̀lẹ́ la ti ń fi ọ́ìlì pa móòdù tọ̀la. Bóòtù wà nínú agolo mílíìkì, sípánà so mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da omi sí sìmẹ́ńtì kí ẹ́ńjìnnì tó dún. Ìṣẹ́jú 30 là ń lò. Irin orí tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù ló kù, èèyàn mẹ́ta ló ń gbé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń mọ búlọ́ọ̀kù, báwo lẹ ṣe ń gbé tiyín?

— Èsì amọ-búlọ́ọ̀kù kan: Ẹ̀gbọ́n, Ọ̀yọ́ ni mo wà. Ẹ̀wọ̀n tí mẹkáníìkì fi ń gbé ẹ́ńjìnnì la fi kọ́ tiwa sórí òpó. Ẹnì kan ló ń fà á.