Koríko ẹ̀kan fẹ́ gba oko ọsàn mọ́ wa lọ́wọ́, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbẹ̀. Oko ọsàn wa wà lọ́nà Ìkìrun, l'Óṣogbo níbí, igi ṣì kéré, èèpo ara wọn ṣì tutù. A fi àdá ṣán ẹ̀kan, a fi máṣíìnì gé e, ó tún ń yọ ni torí gbòǹgbò ẹ̀ ò kú. Glyphosate, oògùn apakoríko yẹn, máa ń wọ gbòǹgbò lọ lóòótọ́, àmọ́ tó bá ta sí ewé ọsàn tàbí èèpo tútù yẹn ó lè bà á jẹ́, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí gan-an. Mo wá ń ro ìtàkùn mùkúnà, èyí tí ò yún ara bíi wèrèpè, kó bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gun igi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìn ín sáàárín ọsàn, báwo ló ṣe yẹ kó jìnnà sí ìdí igi tó?