Ẹ gbà mí o, lẹ́ńsì àtijọ́ yìí ti gan pa, fílítà ò tú, fókọ́ọ̀sì ò yí

Ọ̀dọ́ Lẹ́ńsì:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́ńsì Helios 44-2 kan ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, 58mm f/2, ìran àwọn tí wọ́n ṣe ní Soviet nígbà yẹn. Gíláàsì ẹ̀ mọ́ dáadáa, kò sí fungus (èbu), kò ha, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti de fílítà 49mm kan mọ́ ọn lójú tí ò fẹ́ tú rárá, mo ti fún un títí ìka ń ta mí. Èkejì ni pé ríìngì fókọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n ń yí kí àwòrán lè mọ́ kedere, le koko, tí mo bá fipá yí i lórí kámẹ́rà, lẹ́ńsì fúnra ẹ̀ ló máa ń tú kúrò lára adapter (irin tí mo fi so ó mọ́ kámẹ́rà) kí ríìngì tó mì. Aperture (ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé) ń yí ní tiẹ̀, àmọ́ mo rí nǹkan tó ń dán bí ọ́ìlì lára àwọn bíléèdì tó ń ṣí ihò náà tó ń pa á. Ẹnìkan ní kí n fọ́n WD-40 (ọ́ìlì inú agolo tí wọ́n fi ń tú irin tó gan) sí i, ẹlòmíì ní kí n gbé e sí fírísà. Èwo ni ká ṣe báyìí? Irinṣẹ́ tí mo ní ò ju screwdriver kékeré tí wọ́n fi ń tú awò ojú lọ.

Ọmọ Fíìmù:
Fọ́n WD-40 sí i jàre kóo sinmi. Ìdè kẹ̀kẹ́ mi tó ti dípẹtà, òun náà ni mo fi tú u, kò tiẹ̀ pẹ́.

Atúnlẹ́ńsìṣe:
Ọmọ Fíìmù, rọra o, kẹ̀kẹ́ ò ní gíláàsì nínú 😂

Àbúrò, má jẹ́ kí WD-40 kan lẹ́ńsì yẹn rárá. Nǹkan tó ń rìn ni, kì í dúró síbi téèyàn fọ́n ọn sí, ibi tó bá há jù ló máa ń fà lọ, ká tó wí ká tó fọ̀ ó ti dé orí bíléèdì, ó ti dé etí gíláàsì. Ọ́ìlì tóo rí níbẹ̀ yẹn gan-an, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló gbà débẹ̀. Gírísì tí wọ́n fi sínú ẹ̀ nílé iṣẹ́ ti dàgbà, ọ́ìlì inú ẹ̀ ti yọ́ kúrò ó ti bá tiẹ̀ lọ, èyí tó ṣẹ́ kù ti gbẹ ó ti di gọ́ọ̀mù, òun ló sì di fókọ́ọ̀sì ẹ mú. Ó ṣeé ṣe kí nǹkankan má kán níbẹ̀ rárá.

Ti fílítà, ọ̀tọ̀ ni. Gírísì ò sí níbẹ̀, ọwọ́ ẹ ló ń há a. Etí fílítà fẹ́lẹ́, bóo bá fi ìka méjì fún un lọ́tùn-ún lósì, kì í ṣe róbótó mọ́, ó ti gùn díẹ̀, eyín ẹ̀ (àwọn ìlà tó fi ń yí wọnú lẹ́ńsì) á wá gé mọ́ eyín ẹnu lẹ́ńsì níbi méjì, bóo ṣe ń fún un sí i náà ló ń há sí i. Wá rọ́bà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tí wọ́n ń gbé mouse kọ̀ǹpútà lé dáa gan-an, tẹ́ ẹ sórí tábìlì, dojú lẹ́ńsì dé e kí etí fílítà kan rọ́bà yípo, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níwọ̀nba, kóo wá yí lẹ́ńsì sápá òsì. Ibi tó sún mọ́ fílítà jù ni kóo ti dì í mú o, bóo bá di ìdí ẹ̀ mú, inú fókọ́ọ̀sì tó ti gan yẹn ni gbogbo agbára ẹ á gbà kọjá. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ abọ́ náà ń ṣiṣẹ́, àtẹ́lẹwọ́ ni kóo gbé lé ojú ẹ̀, má fi ìka fún un.

Àǹtí Darkroom:
Ọ̀rọ̀ fírísà yẹn kì í ṣe irọ́, ó kàn ní ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ ni, àwọn èèyàn kì í sì í sọ ìyẹn. Kọ́kọ́ wo irin tí wọ́n fi ṣe fílítà àti ẹnu lẹ́ńsì. Ibi tí ọ̀dà dúdú bá ti ṣí lára ẹ̀, bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó ń dán, idẹ ni, bó bá funfun, alumíníọ̀mù ni. Bó bá gbóná, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ju idẹ lọ, bó bá tutù ó máa ń sún kì jù ú lọ. Fílítà ló wà nínú, ẹnu lẹ́ńsì ló wà níta. Fílítà idẹ nínú ẹnu alumíníọ̀mù, ooru lo fẹ́, torí ẹnu lẹ́ńsì á fẹ̀ ju fílítà lọ. Fílítà alumíníọ̀mù nínú ẹnu idẹ, ìyẹn ni fírísà wúlò fún. Bí méjèèjì bá jẹ́ alumíníọ̀mù ńkọ́, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù nìyẹn? Fírísà ò lè ṣe nǹkankan fún ẹ, jọ ni wọ́n á jọ sún kì. Dráyà irun ni kóo fi fẹ́ ẹnu lẹ́ńsì láti ìta, yípo yípo, kí ìta gbóná kí inú tó gbọ́, kóo wá yára yí i.

Ooru tí ọwọ́ lásán lè gbà mọ́ra ni o! Gíláàsì 6 ló wà nínú Helios yẹn, ìdì 4 ni wọ́n pín sí, ìyẹn ni pé àwọn kan fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra wọn, ooru tó bá pọ̀ jù lè mú kí gọ́ọ̀mù yẹn jọ̀wọ́ wọn. Ẹni tó bá sì máa lo fírísà, kó dì í sínú nylon kó lé afẹ́fẹ́ jáde, tó bá gbé e jáde kó jẹ́ kó móoru padà kó tó ṣí nylon, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á sẹ̀ sínú gíláàsì, fungus lò ń pè yẹn.

Bọ̀dá Takumar:
Ẹ kú àlàyé, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti fókọ́ọ̀sì.

Àwọn kan á ní kóo kán epo láítà sínú ẹ̀. Ó máa ń dẹ̀ lóòótọ́, inú ẹ á dùn, lẹ́yìn náà epo á fẹ́ lọ, gírísì á tún gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tó yọ́ níbẹ̀ á sì ti ṣàn lọ bá bíléèdì. Èmi ò fara mọ́ ọn. Bóo bá kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń yí, gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀ kóo máa yí i lọ yí i bọ̀ díẹ̀díẹ̀, má fipá. Àmọ́ iṣẹ́ gidi ni kí wọ́n tú u, kí wọ́n nu gírísì àtijọ́ kúrò pátá, kí wọ́n fi tuntun sí i.

Bóo bá máa tú u fúnra ẹ, wo ara ríìngì fókọ́ọ̀sì yẹn yípo dáadáa, wàá rí screw kéékèèké 3 tí orí wọn rì wọnú, wọn ò hàn, ìdọ̀tí sábà máa ń bò wọ́n. Àwọn ló mú ríìngì yẹn mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan táwọn èèyàn ń pè ní "ó ti gan" nínú lẹ́ńsì àtijọ́, screw kan tí wọn ò rí ló dì í mú, wọ́n á máa fi agbára yí i títí wọ́n á fi ba eyín ẹ̀ jẹ́. Bí screw náà ò bá tú, wọ́n ti kan fáníìṣì sí i nìyẹn kó má baà tú fúnra ẹ̀. Fi ẹnu abẹ́rẹ́ kán acetone ẹyọ kan sí i lórí, dúró, tún kán an, kóo tó yí i. Má jẹ́ kó ṣàn o, acetone ń jẹ ike, ó sì ń nu ọ̀dà inú nọ́ńbà kúrò. Tí ìyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́, soldering iron tó gbóná, gbé ẹnu ẹ̀ lé orí screw yẹn díẹ̀, fáníìṣì á fọ́.

Screwdriver awò ojú yẹn, bí ẹnu ẹ̀ bá kún inú ojú screw dáadáa, lò ó. Bó bá ń mì níbẹ̀, má dán an wò. Ẹ̀yin tí ẹ ní lẹ́ńsì Japan bíi tèmi, ẹ ṣọ́ra, screw olójú àgbélébùú tó wà lára tiwọn, JIS (ìwọ̀n ti Japan) ni wọ́n ń pè é, ó jọ Phillips, irú àgbélébùú tó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n screwdriver Phillips máa ń yọ̀ níbẹ̀, á sì ba orí ẹ̀ jẹ́.

Ọ̀dọ́ Lẹ́ńsì:
Ẹ̀gbọ́n Atúnlẹ́ńsìṣe, ẹ ṣeun o, fílítà ti tú!!! Orí rọ́bà nìkan ò tú u, mo wá fi dráyà fẹ́ ẹnu ẹ̀ bí àǹtí ṣe wí, mo tún dà á dé, ó kàn dún "kẹ́" ó sì yí. Eyín méjèèjì ò ní nǹkankan. Mo rí àwọn screw mẹ́ta yẹn náà, ìdọ̀tí ti bò wọ́n lóòótọ́. Bọ̀dá Takumar, tí mo bá tú u, kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún kó lè padà sípò?

Ọmọ Fíìmù:
Kú oríire! Ìbéèrè tèmi ni pé bí fílítà bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi tó ti wó létí.

Àǹtí Darkroom:
Ìyẹn dé orí ayùn. Yọ gíláàsì fílítà kọ́kọ́, fi bébà àti téèpù bo ojú lẹ́ńsì pátápátá torí ìyẹ̀fun irin, fi ayùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ gé etí fílítà láti inú síta, dúró kóo tó kan eyín lẹ́ńsì, gé ibòmíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kóo wá fi plier tẹ ibi tó wà láàárín méjèèjì wọnú. Á dẹ̀ fúnra ẹ̀. Fílítà yẹn ti kú nìyẹn, àmọ́ lẹ́ńsì yè.

Bọ̀dá Takumar:
@Ọ̀dọ́ Lẹ́ńsì, kóo tó tú screw yẹn, yí fókọ́ọ̀sì dé infinity (ibi tí nǹkan òkèèrè réré ti ń hàn kedere), ya fọ́tò ẹ̀, fi abẹ́rẹ́ fa ìlà kékeré lára ríìngì àti ara lẹ́ńsì kí wọ́n lè ṣe déédéé nígbà tóo bá ń tò ó padà. Bóo bá dé ibi tí eyín gígùn méjèèjì ti ń wọnú ara wọn, yí i jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ibi gan-an tí wọ́n ti jábọ́ lára ara wọn, sàmì síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Eyín yẹn ní ẹnu tó pọ̀ tó lè gbà wọlé, bó bá gba ẹnu tí kì í ṣe tiẹ̀ á wọ́ lọ wẹ́rẹ́ o, ṣùgbọ́n infinity ò ní bọ́ sípò láéláé, wàá kàn máa ya fọ́tò òkèèrè tí kò mọ́ kedere.

Atúnlẹ́ńsìṣe:
Gírísì tóo máa fi sí i, èyí tí wọ́n ṣe fún fókọ́ọ̀sì lẹ́ńsì ni kóo wá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kóo sì fi pa á, bó bá pọ̀ jù bíléèdì ló ń lọ. Ọ́ìlì orí bíléèdì yẹn, má torí ẹ̀ tú aperture báyìí. Ọwọ́ ẹ lo fi ń ṣí i tóo fi ń pa á lórí 44-2, kì í ṣe èyí tí kámẹ́rà ń pa fúnra ẹ̀ wàì bóo bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ọ́ìlì díẹ̀ ò dá a dúró. Lára lẹ́ńsì tó ń pa fúnra ẹ̀ ni bíléèdì ti máa ń lọ́ra, tí fọ́tò á wá funfun jù. Bó bá yá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra, padà wá, ká sọ ọ́.