Báwo ni mo ṣe lè fi ọ̀rọ̀ tí kò ní àwòrán yé ọmọ tó ń fi àwòrán ronú?

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín lórí ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 9 tó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ni pé láti kékeré ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí mo bá dárúkọ ajá, ajá kan pàtó tó ti rí rí, tí etí òsì rẹ̀ ya, ló máa ń wá sí i lọ́kàn, á sì yà á sórí ìwé láìgbàgbé àmì ara rẹ̀ kankan.

Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tí òun náà ní ọ́tísíìmù, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1995 pé àwòrán ni òun fi ń ronú, ó sì ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ọ́tísíìmù ló rí bẹ́ẹ̀. Ti ọmọ mi jọ tirẹ̀ gan-an.

“Bóyá” ló dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ya ojú ọ̀run tó ṣú fún un, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí mo bá ti sọ “bóyá”, ojú fèrèsé ló ń sáré lọ láti wo òjò. Ṣé àwòrán púpọ̀ ni kí n lò fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àbí kí n jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan èyí tó bá a mu?