Halo wọ ilé wa: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Ìbejì (Peckham)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Oṣù Kejìlá tó kọjá ni àbúrò ọkọ mi gbé Xbox, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá gémù, wá fún àwọn ìbejì mi. Ọmọ ọdún 11 ni wọ́n. Kò bi mí kó tó rà á. Ẹ ṣáà mọ bí ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì bímọ ṣe ń ra ẹ̀bùn. Halo Infinite, gémù ìbọn kan, ló bá a wá. Mo wo ọkùnrin tó wọ ẹ̀wù irin aláwọ̀ ewé, tí a kì í rí ojú rẹ̀ bíi ti egúngún, mo wo PEGI 16 tí wọ́n kọ sára páálí, ìyẹn àmì pé ó yẹ ọmọ ọdún 16 sókè, mo ní kí wọ́n pa á kíá. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọkọ mi ní ṣebí ìbọn inú gémù ni, kí n fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀, àmọ́ mò ń yọjú.

Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń yọjú wò, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ò sì tó nǹkan. Ẹ̀dá ojú sánmà ni àwọn ọ̀tá tí wọ́n ń yìnbọn fún jù lọ. Àwọn kúkúrú kan wà nínú wọn tó pọn àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, Grunt ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹnu wọn kì í sinmi. Bí olórí wọn bá ti ṣubú báyìí, wọ́n á fi igbe ta, wọ́n á sì fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Èmi alára rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyí?

Etí ni wàhálà náà gbà wọlé. Apá kan wà nínú gémù yìí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, níbi tí àwọn èèyàn káàkiri ayé ti ń bá ara wọn jà, mẹ́rin sí mẹ́rin tàbí méjìlá sí méjìlá. Mò ń ro àmàlà lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin ní pálọ̀ mi. Ọkọ mi sì wà níbi iṣẹ́! Mo fa orógùn yọ, mo sáré jáde, àmàlà ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Inú tẹlifíṣọ̀n ni ọkùnrin náà ti ń sọ̀rọ̀. Kẹ́hìndé ló ń bú. Ó ti gbọ́ orúkọ tí Táyé fi pè é, ó wá ní kó padà sí Áfíríkà, ó tún fi àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn lé e tí n kò ní kọ síbí. Ọmọ tí mo bí sí ìlú yìí! Kẹ́hìndé ò fèsì, ó kàn ń tẹ pádì rẹ̀ lọ. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti sọ irú rẹ̀ sí i rí. Ó ní, “Mọ́mì, wọ́n máa ń sọ ọ́.” Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ yẹn. 16 tó wà lára páálí, ohun tí àwọn tó ṣe gémù fi sínú rẹ̀ ló ń wí. Ta ló fẹ́ wọn ẹnu àlejò?

Ẹ sọ tiyín, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́ (Ìbàdàn)

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ lọ gbé áàpù Xbox Family Settings sórí fóònù yín. Ẹ mú àkáǹtì ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣe é kó jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀, tàbí kí ẹnikẹ́ni má lè bá a sọ̀rọ̀ rárá. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa dín wákàtí kù, tí ẹ ó sì di owó mú.

Èmi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbá Halo. Èyí àkọ́kọ́, tó jáde ní 2001, ni mo fi mọ ọ̀nà: ìbọn méjì péré lo lè gbé, bí wọ́n bá yìn ọ́ títí tí asà ara rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, sá sẹ́yìn òkúta, mú sùúrù kó kún padà. Ohun tí mo fẹ́ kí òbí mọ̀ ni pé Halo ò dọ́gba. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, láti orí èyí àkọ́kọ́ títí dé Halo 4, M ni wọ́n fún àwọn tó jẹ́ gbòógì, ìyẹn ọmọ ọdún 17 sókè. Halo 5 àti Infinite gba T, ọdún 13 sókè. Àkójọpọ̀ tó ń jẹ́ The Master Chief Collection, àwọn ti àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, M sì lòun náà.

Èmi tí mo mọ gbogbo èyí ni mo ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún 9. Mo ní gémù àtijọ́ ni, àwòrán rẹ̀ ò dán, kí ló fẹ́ ṣe fún un. Mo fa èyí àkọ́kọ́ yọ, a jọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan, òun mú apá kan, èmi mú apá kejì. Ó dùn mọ́ wa. Ìbọn ò bà á lẹ́rù rárá.

Àfìgbà tí a dé ibi àbàtà yẹn. Ẹni tó bá ti gbá a mọ ibi tí mò ń wí. Ẹ wọ ilé kan, ọ̀tá ò sí, ariwo ò sí, òkú ló wà nílẹ̀. Ẹ bá sójà kan tó ti ya wèrè, ó ń yìnbọn fún ẹ̀yin gan-an tí ẹ jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn já, àwọn nǹkan kan bíi àpò ìtọ̀ ẹran tó ní ẹsẹ̀ rọ́ jáde. The Flood ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n á kó sí ara òkú, òkú á dìde, á gbé ìbọn.

Ọmọ náà ju pádì sílẹ̀. Òru mẹ́rin ló fi sùn sáàárín èmi àti ìyàwó mi. Ìyá mi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ní, “Àkúdàáyà lo gbé wọlé fún ọmọ ọlọ́mọ, ìwọ Akin?” N kò rí èsì fọ̀. Ká ní apá tó jẹ́ ìtàn nínú Infinite ni mo fi síwájú rẹ̀ ni, kò bá má rí wọn, wọn ò sí nínú rẹ̀.

Adé Mushin

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ohùn lẹ̀ ń sọ, èmi ò tíì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni rí, nẹ́tíwọ̀kì ò jẹ́. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń gbá a. Mo bá yìnbọn fún èèyàn báyìí, onítọ̀hún ti rìn dé ibòmíràn kí ọta mi tó jáde. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é, àmọ́ dátà tí mo fi gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ má bi mí. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá tún wá dára, NEPA á mú iná lọ nígbà tó ku ẹyọ kan ká borí. Ní báyìí, àwọn ọmọ ogun tí kọ̀ǹpútà ń darí ni mò ń bá jà. Wọn kì í bú èèyàn. Ìyá Ìbejì, ẹ lè kọ́kọ́ fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jọ gbá ìtàn Infinite lójú tẹlifíṣọ̀n kan, ẹ má da ara yín láàmú. 2022 ni wọ́n ti fagi lé e.

Àǹtí Rónkẹ́ (Houston)

Tèmi ò jọ tiyín. Ọmọ ọdún 15 ni ọmọkùnrin mi, T ni Infinite, nítorí náà n kò bá a jà. Ibi tí mo ti ń wá nǹkan nínú fíríìjì lálẹ́ ọjọ́ kan ló ti bi mí pé, “Mọ́mì, kí ni àbíkú?” Ó ti gbọ́ ọ nígbà tí mò ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ó jọ ti Master Chief,” ìyẹn ọkùnrin ẹlẹ́wù irin inú Halo. Mo ní báwo? Ó ní John ni wọ́n ń pè é ní kékeré, pé ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí ìjọba jí i gbé, òun àti àwọn ọmọ mìíràn, márùndínlọ́gọ́rin ni gbogbo wọn, láti fi wọ́n ṣe jagunjagun. Wọ́n wá dá àwòkọ ẹlẹ́mìí ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn rẹ̀. Kò pẹ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àwòkọ wọ̀nyẹn fi ṣàìsàn kú. Àwọn òbí sin wọ́n. Wọn ò mọ̀ pé ọmọ tiwọn gan-an wà láàyè níbì kan.

Ó ní, “Ṣé wọ́n á rò pé àbíkú ni?”

Ọmọ méjì ni ìyá mi sin kí wọ́n tó bí mi. N kò sọ ọ́ fún un rí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́, ilẹ̀kùn fíríìjì ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ti ń pariwo pé kí n pa òun dé.

Ìyá Ìbejì (Peckham)

Àǹtí Rónkẹ́, omi bọ́ lójú mi. Ẹ kú ìfaradà.

Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹ ṣé o. Mo ti gbé áàpù náà, ọ̀rẹ́ nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ mi báyìí, mo sì mọ ìyá gbogbo wọn. Lánàá mo ní kí wọ́n gbé pádì fún mi. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń rìn, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń wòran, ta ló ń ṣe méjèèjì pọ̀? Táyé ní, “Mọ́mì, sánmà lẹ̀ ń yìnbọn fún.” Ọ̀kan nínú àwọn kúkúrú yẹn ló pa mí. Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lulẹ̀, ó wá di ọwọ́ mi mú lórí pádì náà, ó ń kọ́ mi.

Ó tún ti ń bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní owó ra ẹ̀wù irin aláwọ̀ àlùkò. Mo bi í ṣé ó máa jẹ́ kó lè jà dáadáa sí i ni. Ó ní rárá, ó kàn rẹwà ni. Mo ní kó lọ fọ abọ́.