Àwọn tí wọ́n mú lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi lọ́yà ṣe?

ỌmọỌlọ́wọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn èèyàn wá jọ́sìn Ọlọ́run wọn ni wọ́n ya bò wọ́n tí wọ́n ju bọ́ǹbù tí wọ́n ń yìnbọn, èèyàn tó lé ní 40 ló kú, ọmọdé wà níbẹ̀, àwọn tó fara pa pọ̀ jáǹtìrẹrẹ. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, mo mọ àwọn tó wà nínú pósí tí wọ́n tò kalẹ̀ níjọ́ ìsìnkú yẹn.

Oṣù kẹjọ ọdún yẹn náà ni Irabor tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn ológun nígbà yẹn sọ pé ọwọ́ ti tẹ àwọn kan. À ń retí. 2023 kọjá, 2024 kọjá, àfi ìgbà tó di oṣù kẹjọ 2025 kí àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS tó kó èèyàn márùn-ún wá sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Abuja, tí wọ́n ka ẹ̀sùn mẹ́sàn-án sí wọn létí, gbogbo wọn ní àwọn ò jẹ̀bi. Kò pẹ́ ni lọ́yà wọn bá dìde pé kí adájọ́ fún wọn ní béèlì. Béèlì o! Adájọ́ Nwite ò gbà fún wọn, ó ní kí ẹjọ́ yá kíákíá, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, àmọ́ inú ṣì ń bí mi. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí wọ́n fi ń tọ́jú irú èèyàn báyìí bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣẹ̀, tí wọ́n ń fún un ní lọ́yà, tí wọ́n ń pè é ní afurasí? Àwọn tí wọ́n pa, ta ló ṣe lọ́yà fún wọn? Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá le o.

Baba Ṣọlá:
Àbúrò, ìwọ nìkan kọ́ ni inú ń bí. Èmi ò tiẹ̀ rí ìdí tí wọ́n fi gbé wọn dé kọ́ọ̀tù rárá. Ẹni tó ju bọ́ǹbù sáàárín àwọn tó ń gbàdúrà, ẹjọ́ wo ló kù tó fẹ́ rò? Tí ẹ bá sì ní kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé, ṣé wọ́n ń dúró síbẹ̀ ni? Ní ọjọ́ 5 oṣù keje 2022, oṣù kan géérégé lẹ́yìn ti Ọ̀wọ̀, ṣebí àwọn èèyàn wọn ló wá fọ́ ẹ̀wọ̀n Kuje l'Abuja níbẹ̀, àwọn tó lé ní 800 ló sá jáde, mínísítà ètò ààbò fẹnu ara ẹ̀ sọ pé àwọn Bókò Háráàmù 64 tó wà níbẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Àwọn tí sójà fi ẹ̀mí ara wọn wewu kí wọ́n tó mú o. Ní tèmi, sójà tó bá rí wọn nínú igbó kó parí ẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá hùwà ẹranko ti kúrò lára àwọn tí òfin wà fún.

Agbẹjọ́rò_Ìbàdàn:
Ẹ kú àárọ̀ o. Lọ́yà ni mí, ẹjọ́ ọ̀daràn ni mò ń ṣe jù. Ẹ̀gbọ́n Baba Ṣọlá, mo gbọ́ yín, mo sì bá ará Ọ̀wọ̀ kẹ́dùn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà pẹ̀lú yín. Ẹ ti gbà pé àwọn tó wà nínú sẹ́lì yẹn gan-an ló ṣe é. Ta ló sọ fún yín? Àwọn tó mú wọn náà ni. Ẹ rántí o, kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tí nǹkan ṣẹlẹ̀ tí ìjọba ti sọ pé ISWAP, àwọn tó ya kúrò lára Bókò Háráàmù, làwọn fura sí. Nígbà tí wọ́n wá kọ ìwé ẹ̀sùn ní 2025, Al-Shabaab, ẹgbẹ́ apániláyà ti Sòmálíà, ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé wọ́n ní ẹ̀ka kan ní Kogi. Ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Mi ò ní ẹnikẹ́ni parọ́, ó lè jẹ́ pé ìwádìí ló gbé wọn dé ibòmíì, ṣùgbọ́n ibo la ti fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ tí kì í bá ṣe ní kọ́ọ̀tù, níbi tí wọ́n á ti gbé ẹlẹ́rìí wá tí lọ́yà á sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí òfin wí. Ìwé òfin 1999, abala 35, sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú, kí wọ́n gbé e dé kọ́ọ̀tù láàárín ọjọ́ kan tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40, tí kò bá sí, ọjọ́ méjì tàbí iye tí kọ́ọ̀tù bá rí i pé ó tọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn fún un sínú ìwé láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ó lè dákẹ́ títí á fi rí lọ́yà. Abala 36 ní aláìṣẹ̀ ni títí kọ́ọ̀tù á fi sọ pé ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òfin ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìpániláyà le ju olè adìyẹ lọ. Òfin ìpániláyà tí wọ́n ṣe ní 2022 gba DSS láyè kí wọ́n lọ bá adájọ́, àwọn nìkan, láìsí afurasí níbẹ̀, kí adájọ́ fún wọn ní 60 ọjọ́ láti fi ẹni náà sí àtìmọ́lé, tó bá pé wọ́n tún lè padà wá gba òmíràn. Òfin ti 2013 tẹ́lẹ̀, 90 ọjọ́ ló wà níbẹ̀. Àyè tó gbòòrò nìyẹn! Wọ́n kàn gbọ́dọ̀ máa padà wá síwájú adájọ́ ni, kí ẹnì kan tí kì í ṣe ọlọ́pàá tàbí sójà lè máa bi wọ́n pé ibo lẹ bá iṣẹ́ dé. Tí wọ́n bá ṣe é fún odindi ọdún mẹ́ta kí ẹ̀sùn tó jáde, ó ti pọ̀ jù, mo sì rò pé ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ìyẹn jẹ níyà jù.

Ti béèlì, ẹ̀tọ́ lọ́yà ni láti béèrè. Ẹ̀sùn tó la ikú lọ, adájọ́ kì í fún èèyàn ní béèlì àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá ní ìdí pàtàkì gan-an. Ó béèrè, wọn ò fún un. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Lílù wá ńkọ́? Torí mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín nìyẹn. Òfin tó ta ko ìfìyàjẹni ti wà láti 2017, ó sọ pé kò sí àwáwí kankan, ogun o, ìrúkèrúdò o. Òfin ẹ̀rí wa náà sọ ní abala 29 pé ìjẹ́wọ́ tí wọ́n bá fi ìyà gbà lẹ́nu èèyàn kò wúlò ní kọ́ọ̀tù. Ẹ wo ibi tó ń já sí: ká ní ẹni yẹn ló ṣe é lóòótọ́, wọ́n wá so ó rọ̀ kó tó jẹ́wọ́, lọ́yà á ní kí adájọ́ da ìwé yẹn nù, adájọ́ á dà á nù, tí wọn ò bá sì ní ẹ̀rí míì, ó ń lọ sílé nìyẹn. Mo ti rí i tí ẹjọ́ gidi bàjẹ́ báyìí, ọlọ́pàá tó lu èèyàn ló bà á jẹ́, kì í ṣe lọ́yà.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje 2021 DSS ya wọ ilé Sunday Ìgbòho ní Ìbàdàn níbí lóru, èèyàn méjì kú, wọ́n kó àwọn tó wà nílé lọ Abuja, wọ́n ní ìbọn ni wọ́n ń kó jọ. Ó lé lóṣù kan kí adájọ́ tó fún àwọn 12 ní béèlì. Gbogbo wa la pariwo níbí pé ẹ gbé wọn wá sí kọ́ọ̀tù, ẹ jẹ́ kí lọ́yà wọn rí wọn. Àwa la béèrè òfin nígbà yẹn. Òfin yẹn kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn tí a kórìíra.

Ìyá Rìsíkátù:
Ẹ ṣeun lọ́yà. Èmi ta aṣọ ní Monday Market ní Maiduguri títí ogun fi lé wa, mo fẹ́ dá Baba Ṣọlá lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bàbá, wọ́n ti ṣe ohun tí ẹ ń sọ yẹn rí, ojú wa ló ṣe. Mohammed Yusuf tó dá Bókò Háráàmù sílẹ̀, àwọn sójà mú un láàyè ní oṣù keje 2009, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ayé rí òkú ẹ̀. Kò dé kọ́ọ̀tù. A ò gbọ́ ẹni tó ń fún un lówó, a ò gbọ́ ẹni tó ń dáàbò bò ó láàárín àwọn olóṣèlú. Shekau ló gbapò ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ojú wa rí lẹ́yìn ìyẹn.

Tí bọ́ǹbù bá ti dún ní àdúgbò kan, sójà á kó gbogbo ọmọkùnrin ibẹ̀, ẹni tó ń ta omi, ẹni tó wá kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, bárékè Giwa ni wọ́n ń kó wọn lọ. Àwọn ìyá ń lọ dúró síbẹ̀ lójoojúmọ́, wọn ò jẹ́ kí wọ́n rí ẹnikẹ́ni. Amnesty, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kọ ọ́ ní 2015 pé àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 7,000 ló kú sí àtìmọ́lé sójà láti 2011, ebi, òùngbẹ, àìsàn, ooru. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2014 tí Bókò Háráàmù wá fọ́ Giwa, àwọn tó sá jáde, wọ́n ní àwọn tó lé ní 640 ni sójà tún mú tí wọ́n pa. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì rí adájọ́ rí láyé wọn.

Nígbà tí wọ́n wá ṣe ẹjọ́ nígbẹ̀yìn ní Kainji ní oṣù kẹwàá 2017, wọn ò jẹ́ kí oníròyìn wọlé, ṣùgbọ́n ìjọba fẹnu ara wọn sọ iye tó jẹ́. Nínú 575, 45 ni wọ́n dá lẹ́bi. 468 ni wọn ò rí ẹjọ́ lọ́rùn wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ẹ̀kọ́ àtúnṣe kí wọ́n tó lọ sílé. Ẹ̀yin bàbá mi, 468 ọmọ èèyàn. Tó bá jẹ́ pé sójà ti parí ẹ̀ sínú igbó bí ẹ ṣe sọ ńkọ́?

Kúnlé_Peckham:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ n fi ti ọ̀dọ̀ wa ní London níbí kún un torí ọmọ Yorùbá ló wà nídìí ẹ̀, ó sì dójú tì wá gan-an. Ní oṣù karùn-ún 2013, Michael Adebolajo àti Michael Adebowale fi mọ́tò gbá sójà kan tó ń jẹ́ Lee Rigby ní Woolwich, wọ́n fi ọ̀bẹ pa á láàárín títì lọ́sàn-án gangan. Adebolajo dúró síwájú fóònù, ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ó ń sọ ìdí tó fi ṣe é. Kò sí iyèméjì kankan níbẹ̀ o! Ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n nígbà tí wọ́n sáré kọjú sí wọn, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n tọ́jú wọn. Wọ́n fún wọn ní lọ́yà. Adebolajo fẹnu ara ẹ̀ jẹ́rìí ní kọ́ọ̀tù Old Bailey, wọ́n fetí sí i. Oṣù kejìlá ọdún yẹn náà ni wọ́n dá wọn lẹ́bi, oṣù méje péré. Adebolajo gba ẹ̀wọ̀n gbére tí kò ní jáde láéláé, èkejì ó kéré tán 45 ọdún. Ìdílé sójà yẹn gbọ́ gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀.

Níbí, ọjọ́ 14 ni òfin gbà kí wọ́n fi dá afurasí ìpániláyà dúró láìfi ẹ̀sùn kàn án. Tony Blair fẹ́ sọ ọ́ di 90 ọjọ́ ní 2005 lẹ́yìn tí wọ́n ju bọ́ǹbù sínú rélùwéè, ilé aṣòfin ò gbà fún un.

ỌmọỌlọ́wọ̀:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Màmá, ọ̀rọ̀ Maiduguri yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Ará Peckham, oṣù méje, àwa ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó ka ẹ̀sùn lásán. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú ṣì ń bí mi, mi ò sì lè gbàdúrà fún wọn. Lọ́yà, mo kàn fẹ́ bi yín pé àwọn ará wa tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti lọ jẹ́rìí. Ṣé òfin ní nǹkan tó lè ṣe fún wọn?

Agbẹjọ́rò_Ìbàdàn:
Ó ní o. Abala 232 òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn 2015 gbà kí ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ ìpániláyà bo ojú, kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀, tàbí kó jẹ́rìí lórí fídíò. Olùpẹjọ́ ló máa tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ adájọ́, ẹ lè kọ̀wé sí wọn kí ẹ béèrè. Lọ́yà àwọn afurasí ṣì máa bi wọ́n ní ìbéèrè o, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú.

ỌmọỌlọ́wọ̀:
Ẹ ṣeun. Màá bá àwọn àgbà ìjọ sọ̀rọ̀ lórí ìwé yẹn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n dárúkọ ẹni tó rán wọn níṣẹ́, kó hàn sétí gbogbo ayé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Abuja, ọ̀nà jìn sí wa láti Ọ̀wọ̀, ẹni tó bá lè máa lọ jókòó nínú kọ́ọ̀tù nígbà tí wọ́n bá jókòó, kó jọ̀ọ́ máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ síbí.